Ẹ́ńjìnnì Kékeré Tí Wọ́n Ní Kì Í Ṣe Ọwọ́ Mi Ló Ṣe É

Ẹ́ńjìnnì kan wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Kò tóbi ju ìkúùkù mi méjì tí mo pa pọ̀ lọ. Ó ní sìlíńdà méjì, ọ̀kan kọjú sí ọ̀tún, ọ̀kan kọjú sí òsì, ó sì lágbára tó láti gbé ọkọ̀ òfuurufú kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣeré ní pápá, kúrò nílẹ̀. Ilé mi ní Woji, ní Port Harcourt níbí, ni mo ti gbẹ́ ẹ láti ara irin àlòkù. Ó gbà mí ju ọdún méjì lọ. Àwọn èèyàn pàtàkì mẹ́ta sì wò mí lójú, wọ́n ní irọ́ ni mo ń pa. Inú tó bí mi lọ́jọ́ náà kò tíì rọ̀ títí di òní, n kò sì ní díbọ́n fún yín pé ó ti rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ni ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ irin ṣeé fi ayé ẹni ṣe. Mo ṣèlérí pé màá kọ ìdáhùn mi sílẹ̀ létòlétò. Tíṣà ni mí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín.

Ní ọdún 1999 ni wọ́n gbé ọkọ mi, Bàbá Yétúndé, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, wá sí Port Harcourt. Mo ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan sì gbà mí láti kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ irin. Nípa bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà àti iye tí wọ́n ń san, kò sí ohun tó ládùn níbẹ̀ láti sọ.

Lédì méje ló wà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù wa. Lédì ni ẹ̀rọ tí ń yí irin bírí bírí, tí ọ̀bẹ líle sì ń fá a díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bí a ṣe fẹ́ ẹ. Mo mọ gbogbo orúkọ ara rẹ̀. Mo lè yà á sára pátákó láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kìíní mi, nígbà tí mo fẹ́ fi bí a ṣe ń gé ojú ìdè irin, ìlà yíyí ara bóòtù, han àwọn ọmọ, mo ti ọ̀bẹ wọlé jù, ó sì ṣẹ́ pàù.

Ọmọkùnrin kan ní ẹ̀yìn kígbe pé, "Aunty, e don break o!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo sunkún. Ọkọ mi ní kí n ní sùúrù, pé ìwé ẹ̀rí mi kò tíì ṣẹ́. Mo dá a lóhùn pé ìwé ẹ̀rí kọ́ ni yóò gé irin. Ìsinmi gígùn dé, mo sì wá ẹni tí yóò kọ́ mi níṣẹ́ tí mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ọ̀gá tí mo rí ni Bàbá Jímọ̀, ará Ọ̀fà tó ti pẹ́ ní Port Harcourt, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà Mile 3. Lédì kan ṣoṣo ló ní, àgbà ẹ̀rọ tí ń ké bí ẹní ń ráhùn. Nígbà tí mo sọ fún un pé tíṣà iṣẹ́ irin ni mí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà.

"Ẹni tí ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ ló wá kọ́ṣẹ́? Ayé ti bàjẹ́. Ó dáa. Bọ́ òrùka rẹ."

"Òrùka ìgbéyàwó ni, sà."

"Ẹ̀rọ mi kò lọ síbi ìgbéyàwó rẹ. Bí ó bá mú òrùka, yóò mú ìka tó wọ̀ ọ́. Bọ́ ọ, kí o sì wọ ṣòkòtò wá lọ́la. N kò fẹ́ aṣọ tí ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níbí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan lédì. Ó fún mi ní fáìlì tí a fi ń ha irin àti òkúta irin kan tó tó páálí ìṣáná méjì, ó ní kí n fá a kó tẹ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbé irin tó gún régé lé e lórí, yóò sì gbé méjèèjì sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ́ kọjá láàárín wọn bó ti wù kó kéré tó, yóò ju òkúta irin náà sínú garawa òróró dúdú. Èmi olùkọ́ ìjọba yóò ti apá bọ òróró dé ìgúnpá láti wá a jáde. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí ń pè mí ní "Madam Certificate."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé ìyà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàtúnṣe rẹ̀ fún yín: kì í ṣe ìyà. Bàbá Jímọ̀ kò bú mi rí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ọmọ iṣẹ́ nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ohun tí kò lè gbà ni kí a pe ohun tó wọ́ ní títọ́. Nígbà tó wá jẹ́ kí n dé ìdí lédì, ọwọ́ mi ti mọ ohun tí ojú mi kò lè rí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìsọ̀ yẹn tó bí mi nínú láti ọjọ́ tí mo ti rí i. Ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ ìlọ gbágùúdá wá láti Oyigbo. Bàbá ti fi ọjọ́ kan gbáko gbẹ́ búùṣì fún un, òrùka idẹ tí ọ̀pá ẹ̀rọ máa ń yí nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó yọ ṣùtì.

"Oga, dis one na local. I want original."

Bàbá mú búùṣì kan náà lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mo gbọ́ ìró òòlù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó padà jáde, ó nà án sí i. Òǹtẹ̀ ti wà lára rẹ̀: ENGLAND.

"Ehen!" ni ọkùnrin náà wí, ojú rẹ̀ tàn. "You see? Na im be dis." Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Mo ní, "Bàbá, irọ́ lẹ pa yẹn."

"Tíṣà, ta ló purọ́? Èmi sọ pé irin yìí dára, òótọ́ sì ni. Òun ló ní kò dára àfi bí òyìnbó bá bá mi fọwọ́ sí i."

Mo bínú sí Bàbá, mo bínú sí ará Oyigbo, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ ni mí. Gbogbo ohun tó bá ti parí ní ìsọ̀ wa, a ó nu òróró rẹ̀, a ó fi òǹtẹ̀ lù ú. Ọdún mẹ́rin ni mo fi lo gbogbo ìsinmi àti Sátidé mi níbẹ̀. Ní ìparí rẹ̀, n kì í ronú sí i mọ́. Bí èèyàn ṣe ń sọ àmín lẹ́yìn àdúrà ni ọwọ́ mi ṣe ń gbé òǹtẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí ojú Bàbá kò gbé iṣẹ́ mọ́, tó sì ń padà sí Ọ̀fà, ó pín irinṣẹ́ rẹ̀ fún wa. Èmi ló kó àwọn fáìlì àti òǹtẹ̀ náà fún.

Kò pẹ́ sígbà náà tí mo rí lédì kékeré kan rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù kúrò ní ilé iṣẹ́ kan ní Trans-Amadi. Mo gbé e sínú gáréèjì wa.

Bàbá Yétúndé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. "Ṣé ọkọ̀ mi ni yóò máa sùn níta, kí irin rẹ máa sùn nínú ilé?"

"Òtútù kì í mú ọkọ̀ yín, sà."

"Èmi náà ńkọ́? Ṣé kí n lọ máa sùn níta?"

"Ẹ̀yin ni ẹ ó máa bá mi di iná mú."

Ó sì dì í mú lóòótọ́, nítorí iná ìjọba kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ní Oyigbo nítòsí wa níbí ni wọ́n ti ń fi gáàsì dá iná mànàmáná, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ni mo fi gbẹ́ ìdajì ẹ́ńjìnnì yìí. Ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Ìwọ̀n onílà tí a ń fi ojú kà di èyí tí ń kọ iye síta fúnra rẹ̀, tó sì máa ń purọ́ bí bátìrì rẹ̀ bá ń kú lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ra lédì tí kọ̀ǹpútà ń darí. Àwọn kan nínú yín rò pé mo kórìíra kọ̀ǹpútà. N kò kórìíra rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò mọ bí irin ṣe ń ṣe lábẹ́ ọ̀bẹ kò ní mọ ohun tí yóò pa láṣẹ fún kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè kò rò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, lẹ́tà dé sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n fẹ́ kó lédì méjèèje lọ tà fún àwọn oníṣòwò irin àlòkù, kí wọ́n sì sọ wọ́kíṣọ́ọ̀bù di yàrá kọ̀ǹpútà. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta yóò wá ní bí ọdún mẹ́ta sí i láti yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò. Bí àwọn olùkọ́ bá ní ẹ̀rí pé ohun gidi kan lè ti ibẹ̀ jáde, kí wọ́n gbé e kalẹ̀.

Mo kàn sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé wọn yóò rí ẹ̀rí.

Ìdí nìyí tí mo fi yan ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà méjì. Ohun kékeré kò ní ibi tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí. Mo fi pístìnnì lọ́rì tó ti gbó rọ alumíní tí mo gbẹ́ àpótí rẹ̀. Kíráńkì, ọ̀pá oníkókó tí pístìnnì méjèèjì ń yí, ni mo gbẹ́ láti ara ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ̀. Mẹ́ta ló bàjẹ́ kí ẹ̀kẹrin tó jẹ́. Pístìnnì kọ̀ọ̀kan, odidi irin roboto tí ń lọ bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, gbọ́dọ̀ máa rọra sọ̀ kalẹ̀ nínú sìlíńdà rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì dúró gbọn-in bí mo bá fi ìka dí ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má lè yọ. Ọkọ mi fẹ́ máa pe sìlíńdà méjèèjì ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Mo ní kó jọ̀wọ́, kò tíì sí ẹni tó bímọ níbí, kó bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ kéékèèké fún àwọn aládùúgbò: búùṣì ẹ̀rọ ata, ìdè fáànù. Wọ́n fẹ́ òǹtẹ̀, mo sì ń lù ú fún wọn. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín báyìí, kí ẹ má bàa rò pé ọwọ́ mi mọ́.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì náà, ọ̀sán Sátidé ni. Mo dè é mọ́ pákó lẹ́yìn ilé, mo fi òróró lárà pò mọ́ epo rẹ̀, mo sì yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀. Ó kọ̀, ó kọ̀, lójijì ni ó ké bí agbọ́n tí a ká mọ́ inú agolo. Abẹ̀bẹ̀ pòórá lójú wa. Aládùúgbò wa, Mama Precious, yọ orí lókè ògiri.

"Madam Teacher, wetin be dat? Na bee?"

"Na engine! Na me make am!"

"You? Jesus! Oya off am, my pikin dey sleep." Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì dúró wò ó títí epo fi tán.

Ìgbìmọ̀ dé. Alága wọn wọ ẹ̀wù gígùn olójú bọ́tìnnì wúrà bí ti àwọn ará etí odò, ó sì mú ọ̀pá ìtilẹ̀ dání. Obìnrin kan tẹ̀ lé e tí ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹnì kẹta jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ epo, Ẹnjiníà Adébísí. Mo gbé ẹ́ńjìnnì mi kalẹ̀ lórí aṣọ funfun. Alága tẹ̀ ba wò ó.

"Ó rẹwà, Màdáámù," ni ó fi èdè òyìnbó wí. "Ó rẹwà jù."

Jù yẹn ni mo gbọ́. Ẹnjiníà Adébísí sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì bọ́ sí Yorùbá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ilé kan náà ni wá níbí. Ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́. Ta ló bá yín rà á wálé?"

"Kò sẹ́ni tó rà á, ẹnjiníà. Èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi."

Ó gbé e, ó yí i dojú dé. Ó wò ó díẹ̀, ó sì pe àwọn méjì yòókù. Ó fi ìka rẹ̀ sábẹ́ ìdérí ẹ̀yìn, ó ní kí n bá wọn ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

ENGLAND.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni mo rántí. Ọjọ́ tí mo parí ìdérí yẹn, mo parí búùṣì méjì fún obìnrin ọlọ́ẹ̀rọ ata kan. Mo tò wọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, mo nù wọ́n, mo sì gbé òòlù: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ọwọ́ mi kò bi mí. Ìsàlẹ̀ ni ibẹ̀ wà, n kò sì tún yí i wò mọ́.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti Mile 3, mo sọ ti Bàbá Jímọ̀, mo sọ ti àwọn tí kì í ra ohun tí a bá ṣe níbí. Mo tilẹ̀ sáré mú búùṣì kan jáde nínú àpò mi tí òǹtẹ̀ kan náà wà lára rẹ̀. Alága bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

"Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ẹ máa ń lu orúkọ ilẹ̀ mìíràn mọ́ ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe? Ṣé ohun tí ẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa nìyẹn?"

Ẹ wò ó. Bí mo bá rà á, òpùrọ́ ni mí. Bí mo bá ṣe é, ayédèrú ni mí. Ilẹ̀kùn méjì ni wọ́n ṣí fún mi, inú yàrá kan náà ni méjèèjì sì wọ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá tèmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, kò sẹ́ni tó gbà á sílé.

Mo ní, "Ẹ fún mi ní wákàtí mẹ́ta. Lédì nìyí, irin nìyí. Màá gbẹ́ ìdérí mìíràn lójú yín, kí ẹ fi wé èyí."

Ẹnjiníà Adébísí wo aago. "Ẹ̀gbọ́n, ilé ẹ̀kọ́ méjì ló ṣì kù tí a máa dé lónìí. Ẹ má bínú."

Wákàtí mẹ́ta! Mo fún wọn ní ọdún méjì ayé mi, wọn kò ní wákàtí mẹ́ta láti fi wò ó. Ẹnjiníà ni, ó mọ irin. Bí ó bá ṣí ìdérí yẹn, yóò rí ipa ọ̀bẹ mi nínú rẹ̀, irú èyí tí ẹ̀rọ ńlá kì í fi sílẹ̀. Kò ṣí i. Ọ̀rọ̀ ENGLAND tó kà ti tó o. Kí ló fi yàtọ̀ sí ará Oyigbo ọlọ́ẹ̀rọ gbágùúdá? Ìyẹn ò tilẹ̀ lọ sí yunifásítì.

Lẹ́tà wọn dé lẹ́yìn oṣù kan. Wọ́n ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù irin "kò ní ìwúlò tó ṣeé fojú rí."

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Èèyàn márùn-ún ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Woji, oníkálukú wọn sì ń fi orúkọ ara rẹ̀ sára ohun tó bá ṣe. Àwọn oníbàárà kan ń tìtorí rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. A máa ń kí wọn pé ó dàbọ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ẹ̀kọ́ tí mo sì ní fún yín kò gùn: iṣẹ́ yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ ẹlòmíràn sí i, nítorí àwọn tí kò fẹ́ gbà yín gbọ́ kò nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Ìbéèrè yín ni mo ti dáhùn yẹn. Èyí tó kù, ọjọ́ tí lọ́rì wá kó àwọn lédì ni, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Àárọ̀ ni wọ́n dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo fi máa sáré dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti tú mẹ́fà kúrò nílẹ̀. Ìdí èkeje ni Ibim wà, ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún àṣekágbá, tó ń gbẹ́ ọ̀pá onípele mẹ́ta fún ìdánwò rẹ̀. Olórí àwọn alágbàárù, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Biggy, ti di wáyà iná mú.

Mo dúró sáàárín òun àti ẹ̀rọ. "Dem no go carry dis one till she finish."

"Mummy, abeg. Na order dem give us."

"Order can wait. Sit down."

Ohùn tíṣà lẹ́rù tirẹ̀. Ó jókòó lórí lédì tí wọ́n ti tú, àwọn mẹ́rin yòókù sì jókòó yí i ká, wọ́n ń kùn. Ibim ń kánjú gbẹ́ ẹ. Nígbà tó parí, mo wọn ọ̀pá náà. Ó fi ìwọ̀n irun orí kan tín-ín-rín jù.

Mo ní, "Mú irin mìíràn."

"Ah! Mummy!" ni Biggy ké.

Ṣùgbọ́n kò dìde. Nígbà tí Ibim fi máa dé ìpele kejì lára irin tuntun náà, wọn kò kùn mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti bi í léèrè ohun tí àgbá kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń yí lọ́wọ́ ọ̀tún wà fún. Nígbà tó dé ìpele kẹta, wọ́n ti dúró yí i ká, Biggy fúnra rẹ̀ ló ń tan fóònù sí i kó lè rí ojú ọ̀bẹ dáadáa. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pé géérégé.

Ìgbà yẹn ni awakọ̀ lọ́rì, tó ti ń sùn látàárọ̀, wọlé pẹ̀lú ìbínú. Ó rí ọ̀pá tí ń dán lọ́wọ́ Ibim, ó gbà á, ó sì yí i nínú àtẹ́lẹwọ́.

"Na which country dem import dis one from?"

"Import ke?" Biggy fẹ́rẹ̀ẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Dis small girl make am for here, now-now. My two eyes dey there."

Awakọ̀ náà wo Ibim láti òkè dé ilẹ̀. Ó rọra dá ọ̀pá náà padà fún un, ó sì bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀.

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ náà lọ.